Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Wọ̀n Ọ́n

Téèpù aránṣọ ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ mi lọ yá a lọ́wọ́ ìyá tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ àdúgbò wa ní Kàbbà níbí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó bọ́ bàtà, ó fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn yàrá, ó na ọrùn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tí mo máa ń wọn gíga rẹ̀ lọ́dọọdún. "Màmá, ẹ rọra, ẹ má jẹ́ kó dẹ̀." Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sára igi níbi tí àtàrí rẹ̀ dé. Ínṣì 68. Mo rò pé aṣọ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ rán. Ó mú fóònù, ó ṣírò ó. "Mítà kan, sẹ̀ǹtímítà 72. Ó tó." Mo ní kí ló tó? Kò fèsì. Ó ká téèpù, ó lọ dá a padà.

Ọjọ́ kẹta ni ojú mi tó là sí i. Ẹ̀gúsí ni mo ń bó lálẹ́ ọjọ́ náà, iná ti lọ, àtùpà onísólà wà lórí tábìlì. Ó gbé ìwé kan síwájú mi, ó gbé báírò lé e. Ìwé ìyọ̀ǹda òbí ni, ọ̀kan lára àwọn fọ́ọ̀mù tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọṣẹ́ sójà tẹ̀ jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ bá mi buwọ́ lù ú, Màmá."

Èèpo ẹ̀gúsí kún ọwọ́ mi. Mo ní kó jẹ́ kí n fọwọ́. Mo pẹ́ nídìí omi ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo padà dé, mo mú ìwé náà kúrò níwájú iná, mo tì í sábẹ́ Bíbélì, mo jókòó, mo ń bó ẹ̀gúsí mi lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi wà níbẹ̀.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé nílẹ̀ Òkun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí níbí. Ìwé tí mo ti buwọ́ lù fún àwọn ọmọ kò lóǹkà: ìwé ìdánwò, ìwé ẹ̀rí ìwà rere, ìwé tí wọ́n fẹ́ mú wọ yunifásítì. Àwọn kan nínú wọn wọṣẹ́ ológun, èmi gan-an ni mo sì kọ ọ́ síwèé pé ọmọ yìí ṣeé fọkàn tán, ẹ gbà á. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n.

Mo wádìí ohun tí wọ́n ń béèrè nígbà náà, bóyá màá rí ibì kan tí tọmọ mi kò ti bá a mu. Okùnrin kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 68 lọ, obìnrin kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà kan àti 65. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ọdún 18 sí 22, oníṣẹ́ ọwọ́ lè tó ọdún 26. Ó kéré tán, kó yege nínú iṣẹ́ mẹ́rin ní Wáẹ́ẹ̀kì tàbí NECO. Kó ní onídùúró, kó gba ìwé lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò á kọ́kọ́ wáyé ní ìpínlẹ̀, ẹni tó bá la gbogbo rẹ̀ já á wá lọ sí Dípò ní Zaria, níbi tí wọ́n ti ń fi bí oṣù mẹ́fà sọ ọmọ èèyàn di sójà. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà o. Òbí tí wọ́n bá ní kó wá sanwó rẹ̀, kó yáa mọ̀ pé ọwọ́ olè lòún bọ́ sí. Ọmọ mi pé ọdún 21. Kò sí èyí tí kò ní nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ọwọ́ mi nìkan ló kù.

Mo bi í pé kí ló rí tó fi fẹ́ lọ. Mo ti múra èsì sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó, torí mo mọ̀ pé iṣẹ́ kò sí, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gboyè jáde ń gun ọ̀kadà káàkiri ìgboro. Kò mẹ́nu ba owó.

Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ rántí òru ọjọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n?"

Ta ló lè gbàgbé ẹ̀ ní Kàbbà? Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú wa, wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ ògiri rẹ̀, nínú ẹlẹ́wọ̀n 294 tó wà níbẹ̀, 240 sá jáde lóru náà. Ìwé ìròyìn ló sọ iye yẹn fún wa lẹ́yìn náà. Lóru ọjọ́ náà, ìró ìbọn nìkan la mọ̀. Ọmọ ọdún 17 ni. Mo fà á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo dùbúlẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo orí rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù lábẹ́ mi bí ìlù. Mo rò pé mo ṣe ojúṣe ìyá. Àṣé ìtìjú ló gbé jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ó ní òun ti ga jù mí lọ nígbà náà, òun lágbára jù mí lọ, ìyá òun ló sì fara bo òun.

"Mi ò fẹ́ kí ẹ tún dùbúlẹ̀ lé mi lórí mọ́, Màmá."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo wọlé lọ sùn, mi ò sì sùn.

Ọ̀rọ̀ ogun kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Nínú ilé tí mo ti dàgbà, bí ọmọdé bá ń sunkún lálẹ́, ogun Tápà ni wọ́n fi ń bá a wí. Àwọn ẹlẹ́ṣin Bídà la ń sọ, àwọn tó da ilẹ̀ Òkun rú ní ọ̀rúndún tó kọjá sẹ́yìn èyí tí a bí wa sí, tí àwọn èèyàn Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Ìyàgbà fi gun orí òkè lọ tẹ̀dó sí àárín àpáta. Ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbà kò mọ sórí oúnjẹ àti owó ẹyọ, wọ́n ń gba ọmọ èèyàn pẹ̀lú. Ìyá ìyá mi máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ṣojú òun, bẹ́ẹ̀ ìyá tirẹ̀ ló sọ ọ́ fún un: pé ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta máa ń ka ọmọ rẹ̀ lóròòwúrọ̀, á tún kà wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lóṣù Kínní ọdún 1897, àwọn sójà Royal Niger Company, kọ́ńpìnnì òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí Goldie ọ̀gá rẹ̀ kó sòdí gbéra ní Lọ́kọ́ja, wọ́n gba Kàbbà wá bá ogun Tápà. Àwọn jagunjagun Tápà ti kó kúrò ní ibùdó wọn kí wọ́n tó dé. Kí oṣù náà tó parí, Bídà gan-an ti ṣubú. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ìtàn yìí, òyìnbó ló wá gbà wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wo iye àwọn sójà tó rin ìrìn náà, ọmọ aláwọ̀ dúdú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, ọmọ Haúsá, ọmọ Yorùbá, ọmọ ìyá kan níbì kan. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 1900, Lugard fa àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja, àwọn sójà kọ́ńpìnnì yẹn sì di ara ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó bí iléeṣẹ́ ológun tí ọmọ mi ń wá ọ̀nà àtiwọ̀ lónìí. Láti Lọ́kọ́ja dé ọ̀dọ̀ wa kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ bí ọ̀nà bá dára. Ẹnu ọ̀nà wa ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n pín ààyè iṣẹ́ sójà: ìdajì fún Àríwá, ìdajì tó kù ni Ìlà-oòrùn àti Ìwọ̀-oòrùn pín. Agbègbè Kàbbà wà lábẹ́ Àríwá, nítorí náà, orúkọ Àríwá làwọn ọmọ Òkun fi wọṣẹ́. David Jemibewon, ọmọ Iyah-Gbẹ̀dẹ̀ ní Ìjùmú, di gómìnà ológun fún Ìwọ̀-oòrùn ní 1975, ó sì wà lórí àléfà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ títí di 1978. Àwọn òbí wa fẹ́ràn láti máa dárúkọ rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń ṣe oríkunkun níléèwé, wọ́n á ní ẹ wo Jemibewon, ọmọ ibí ni. Àwọn tí kò di gómìnà kò sẹ́ni tó ń dárúkọ wọn.

Àbúrò bàbá mi wà lára wọn. Ó lọ sógun abẹ́lé ní 1967, ó padà wálé ní 1970 pẹ̀lú kọ́ọ̀pù alumíníọ́mù kan tí etí rẹ̀ ti tẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fi í mumi. Kò sì jókòó kó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn rí títí tó fi kú. Bó bá wọ ilé èèyàn tí àga kan ṣoṣo tó ṣófo kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ìdúró ló máa wà títí ọ̀rọ̀ á fi parí. A bá a lò báyìí fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ìgbà tí ìwé ọmọ mi wà lábẹ́ Bíbélì ni mo tó mọ̀ pé ó yẹ ká ti bi í.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo ń sá fún jù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni ti Tolúlọpẹ́ Arótilé.

Ọmọ Iffe ní Ìjùmú ni, ọmọ Òkun bíi tiwa. Kaduna ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, iléèwé àwọn ológun òfurufú ló sì lọ níbẹ̀. Ní 2012 ó wọ NDA, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, wọ́n fi í joyè ọ̀gá ológun ní 2017. Ó lọ kọ́ wíwa hẹlikọ́pítà ní South Africa. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2019, wọ́n lẹ ìyẹ́ awakọ̀ òfurufú mọ́ ọn láyà, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa hẹlikọ́pítà ìjà ní Nàìjíríà. Oṣù Kejì ọdún 2020, òun ló dúró níwájú Ààrẹ Buhari l'Ábújà, tó ń ṣàlàyé fún un nípa hẹlikọ́pítà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó fò lọ bá àwọn jàǹdùkú jà nínú igbó ìpínlẹ̀ Niger. Ó lọ, ó bọ̀. Gbogbo ibi tí ìyá ti lè máa retí láabi, ó lọ síbẹ̀, ó bọ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday, ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2020, nínú ọgbà àwọn ológun òfurufú ní Kaduna, àwọn tí wọ́n jọ lọ iléèwé rí i lójú ọ̀nà. Wọ́n ti kọjá rẹ̀. Èyí tó ń wakọ̀ fi ẹ̀yìn rìn padà kí wọ́n lè kí i. Mọ́tò náà gbá a, ó ṣubú, ó fi orí gbálẹ̀. Ọmọ ọdún 24. Lọ́jọ́ 23 oṣù náà, wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú àwọn ológun l'Ábújà, pẹ̀lú ìbọn ẹ̀yẹ àti àsíá.

Rédíò ni mo ti gbọ́ ọ, nínú ilé ìdáná. Mo jókòó sórí àpótí. Gbogbo ilẹ̀ Òkun ló sunkún ọmọ yẹn. Àwọn tí kò mọ ibi tí Iffe wà tẹ́lẹ̀ mọ̀ ọ́n lọ́sẹ̀ náà. Àwọn àgbà wa ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀, mo sì gbà pé òbí tó bímọ sógun ti mú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ti ojú ọ̀run bọ̀, kí ìkíni ọ̀rẹ́ wá pa á lórí ilẹ̀? Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo wo bàbá rẹ̀ nínú fọ́tò ìwé ìròyìn, mo yí ojú ewé náà padà.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fi ko ọmọ mi lójú lọ́jọ́ tí mo pàpà dárúkọ rẹ̀. Mo ní ṣé o rí ọmọ Iffe? Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi fọ́tò kan hàn mí. Tolúlọpẹ́ ni, nínú aṣọ awakọ̀ òfurufú. Ó ti pẹ́ tó ti fi pamọ́ síbẹ̀. "Màmá, ẹ wo ojú ẹ̀. Ṣé ẹni tó kábàámọ̀ lẹ rí yìí?" Mo wo fọ́tò náà títí iná fóònù fi kú. Ohun tí mo rò pé yóò dí i lọ́nà ló ti ń tì í lẹ́yìn láti ọjọ́ yìí.

Ẹlòmíràn tún wà tí mo ń rò, ní ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí kan náà. Abu Ali ni, Etsu, ìyẹn ọba, Bassa-Nge, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ṣe gómìnà ológun rí. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún un nípa iṣẹ́ sójà tí kò mọ̀. Ọmọ rẹ̀ Muhammad wọṣẹ́ náà, ó di ọ̀gá àwọn ọmọ ogun onímọ́tò ìjà ní Borno, òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé iwájú ló máa ń wà. Boko Haram pa á ní Mallam Fatori lọ́jọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Èmi ń bẹ̀rù torí pé mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bàbá yẹn mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ. Mi ò mọ èyí tó le jù nínú méjèèjì.

Nínú ẹgbẹ́ ìyá tí mo wà, kò sí ìpàdé tí a kì í gbàdúrà nítorí ọ̀nà. Ẹni tó ń gba Ọbájànà wá sí Kàbbà, tàbí tó ń lọ sí Ẹ̀gbẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ kì í balẹ̀ nítorí àwọn ajínigbé. Àwọn ìyá oko kò lè dá lọ ṣa kaṣú mọ́. Lọ́jọ́ Thursday kan, a dúró, a gbàdúrà kí ìjọba kó sójà púpọ̀ wá sójú ọ̀nà wa, a ṣe àmín rẹ̀ tọkàntọkàn. Nígbà tí a jókòó, mo sọ fún wọn pé ọmọ mi fẹ́ wọṣẹ́ sójà.

Wọ́n káàánú mi bí ẹni pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí. Ọ̀kan ní kí n gbé ìwé ẹ̀rí Wáẹ́ẹ̀kì rẹ̀ pamọ́. Ọ̀kan ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an fà mí létí pé kí n tètè fẹ́yàwó fún un, ọmọ lọ́wọ́ á dá a dúró. Mo wò wọ́n. Àmín wa ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá náà. Mo bi wọ́n pé, "Àwọn sójà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ yìí, ọmọ ta ni kí wọ́n jẹ́?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Èmi náà kò lè bínú sí wọn, torí ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn.

Nígbà tí mò ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja lọ́sẹ̀ náà, sójà kan dá mọ́tò wa dúró níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Kò lè ju ọmọ ọdún 23 lọ. Ètè rẹ̀ ti bó nínú oòrùn, okùn bàtà rẹ̀ kan jẹ́ okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹrù lọ́jà. Mo ní omi inú ọ̀rá méjì nínú báàgì, mo na ọ̀kan sí i látojú fèrèsé. Ó gbà á lọ́wọ́ méjèèjì, ó sọ nǹkan kan ní èdè tí mi ò gbọ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Awakọ̀ ti wọ jíà. Mo bojú wẹ̀yìn títí mi ò fi rí i mọ́. Láti ìgbà tí sójà ti ń dúró sójú ọ̀nà yẹn, ọmọ ọdún yìí ni wọ́n ń jẹ́. N kò fojú wo okùn bàtà wọn rí.

Ọ̀rọ̀ okùn bàtà yẹn kò tán lọ́kàn mi. Bí mo bá máa fi ọmọ mi sílẹ̀, ẹ̀tọ́ mi ni kí n béèrè ohun tó máa wọ̀, ohun tó máa jẹ, ilé ìwòsàn tí wọ́n máa gbé e lọ bó bá fara gbọgbẹ́, àti ẹni tó máa pè mí lórí fóònù. Lóṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n pa sójà 17 ní Okuama ní ìpínlẹ̀ Delta. Ààrẹ lọ síbi ìsìnkú wọn l'Ábújà, ó ṣèlérí ilé fún ìdílé wọn, ó ní ìjọba á rán ọmọ wọn níwèé títí dé yunifásítì, títí kan èyí tó ṣì wà nínú ìyá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kú nínú igbó Zamfara lọ́jọ́ tí kò sí oníròyìn ńkọ́? Ṣé ìyá tirẹ̀ á máa to ìwé kiri láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn ni? Àwa òbí Òkun tí a ń tọrọ sójà, ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ ká máa bá àwọn aṣòfin wa sọ nígbàkígbà tí wọ́n bá wá sílé, ká má fi mọ sórí kí wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn wá.

Mo gbé ìwé náà fún baálé mi, mo ní òun ni bàbá, kó buwọ́ lù ú. Ó kà á látòkè délẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún kà á. Ó ní, "Ìwọ lo wọ̀n ọ́n. Ìwọ ni kó buwọ́ lù ú." Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ó dìde, ó jáde sẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tó ń gé igi tí a kò nílò.

Mo pe ọmọ náà wọlé. Mo ní kó jókòó níwájú mi. Mo sọ fún un pé mi ò fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rù kò bà mí. Mo ní bó bá débẹ̀ tí wọ́n bá pàṣẹ kó hùwà ìkà sí ọmọ ọlọ́mọ, kó rántí òru tí òun náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ fún mi bí àbúrò bàbá mi ṣe fi tirẹ̀ pamọ́ fún wa. Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá." Mo mú báírò. Orúkọ mi tí mo ti kọ sórí ìwé àìmọye ọmọ, lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́, mo ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó gbéra lọ sí Lọ́kọ́ja fún àyẹ̀wò ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Mo tẹ̀ lé e dé gáréèjì. Mo ti di mọ́ínmọ́ín mẹ́rin fún un, ó ní mẹ́rin ti pọ̀ jù, mo ní kó jẹ méjì kó fún ẹni tó bá jókòó tì í ní méjì. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gáréèjì, nínú ìrì, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ó fi ìkíni ilẹ̀ wa kí mi: "Òkun o, Màmá." Mo ní, "Òkun, ọmọ mi." Mo gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà rẹ̀.

Ọ̀sán ló pè. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti ní kó sáré, wọ́n ti wo ojú àti eyín rẹ̀. Ó ní mítà kan àti 72 ni wọ́n kọ síwèé. "Bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́ ni."

Wọn kò tíì gbé orúkọ jáde. Baálé mi ra ọ̀dà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ kun ilé kí ọdún tó dé. Ó ti kun ògiri pálọ̀, ó ti kun fèrèsé. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó dúró pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó wo ìlà pẹ́ńsù náà, ó wò mí. Mo ní kó fo férémù yẹn. Ó gbé agolo ọ̀dà rẹ̀, ó kọjá sí ilẹ̀kùn kejì.